Orí ni ó ń dunni, itan ni dókítà gbà wọlé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á wo ohun kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní abúlé èyíkéyìí.

Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gaàrí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ọ̀kan nínú wọn ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ní: «Orí mi o! Orí mi fẹ́ là!» Ó bì. Ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ibà ni. Ẹnì kejì ní oòrùn ni ó pa á lórí. Ìyá àgbà kan ní ọwọ́ ayé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹlòmíràn ti sáré lọ ra asipirín lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn.

Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

A fẹ́ sọ fún yín ohun tí ó lè wà nínú orí obìnrin náà. A sì fẹ́ sọ fún yín pé àwọn dókítà ti rí ọ̀nà kan láti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ nínú orí, láìla agbárí. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà jọ àlọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Àmọ́, iṣẹ́ yìí kò lè ran ẹni tí kò tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́wọ́. Nítorí náà, a ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ dókítà, a ó sì sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tiyín.

Omi inú rọ́bà, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀bá odò, ẹ mọ páńpù. Páńpù fa omi, ó tì í sínú rọ́bà ńlá. Omi inú rọ́bà ńlá yìí ní agbára. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀, yóò ti ọwọ́ yín sẹ́yìn. Láti inú rọ́bà ńlá, omi bọ́ sínú àwọn rọ́bà kéékèèké, títí ó fi dé ìdí ẹ̀fọ́. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, kò ní agbára mọ́. Ó rọra ń wọ inú ilẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ń ṣàn padà sínú odò, nínú ojú omi tí ẹ fi ọkọ́ gbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nínú ara wa. Ọkàn ni páńpù. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó tó bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ọpọlọ nìkan ń gbà ju ìdajì lítà lọ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀. Ọpọlọ kò ní àká bí àgbẹ̀ ṣe ní àká. Kò lè kó oúnjẹ pamọ́ de ọ̀la. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró ní apá ibì kan nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn nípọn, wọ́n sì le, nítorí pé agbára pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn iṣan wẹ́wẹ́, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Inú iṣan wẹ́wẹ́ ni agbára ẹ̀jẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọpọlọ ti ń jẹun. Lẹ́yìn èyí ni àwọn iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Àwọn yìí fẹ́lẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti rọlẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ni ó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀?

Ohun méjì ni a ó sọ nípa wọn.

Èkíní ni kókó. Nínú orí àwọn ènìyàn kan, iṣan wẹ́wẹ́ kò sí ní ibì kan. Iṣan alágbára já tààrà sínú iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn iṣan náà lọ́ mọ́ ara wọn bí ìtàkùn inú igbó, wọ́n di kókó. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó mú ẹnu rọ́bà páńpù, tí ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀rá omi tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọ̀rá yóò wú, yóò máa wú sí i, lọ́jọ́ kan yóò bẹ́. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà nìyẹn.

Púpọ̀ nínú àwọn kókó wọ̀nyí ti ń bá ènìyàn bọ̀ láti kékeré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Kì í ràn. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà tí ó lóyún ni ó fà á. Kò wọ́pọ̀ rárá: ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kà wọ́n, nínú 100.000 ènìyàn, bíi ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí i lára rẹ̀ lọ́dún. Nínú 100 ènìyàn tí ó bá ní in, bíi 2 sí 4 ni tiwọn ń bẹ́ láàrin ọdún kan. Ọmọ 20 ọdún sí 40 ọdún ni ó sábà ń fara hàn lára rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ènìyàn ní agbára láti ro oko, tí ó sì ń tọ́ ọmọ.

Nígbà mìíràn, iṣan kò tíì bẹ́. Gìrì ni ó kọ́kọ́ ń hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, ìtọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwa ń pe èyí ní wárápá, a sì ń sá sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sá. Ìtọ́ ẹni tí wárápá mú kì í kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí wárápá ń mú kò ní kókó kankan nínú orí. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, ó yẹ kí dókítà wá ìdí rẹ̀.

Èkejì ni iṣan tí ó wú. Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ohun tí a ń sọ. Bí ibì kan lára túùbù bá ti fẹ́lẹ́, tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ibẹ̀ nìkan ni yóò yọ bí kókó àgbọn. Iṣan alágbára inú orí lè yọ bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ó bá ti pín sí méjì. Nínú 100 àgbàlagbà, bíi 3 ni ó ní irú rẹ̀ láìmọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í bẹ́ títí olúwa rẹ̀ fi dàgbà, tí ó sì kú ikú mìíràn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín nítorí gbogbo ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti tábà ni ó sábà ń mú kí ó bẹ́. Nígbà tí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ tú yí ọpọlọ ká lójijì. Ìyẹn ni ó jọ ti obìnrin tí ó ju ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ọ̀nà inú itan?

Ọ̀nà tí ó pẹ́ jù ni pé kí dókítà la agbárí, kí ó sì fi irin kékeré fún ọrùn ibi tí iṣan ti wú, tàbí kí ó gé kókó náà kúrò. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1962 ni Latunde Odeku, tí í ṣe ọmọ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn. Ọ̀nà náà ṣì wà, ó sì ń gba ẹ̀mí là. A ó tún fẹnu bà á.

Ọ̀nà kejì ni àwọn dókítà ń pè ní embolisation. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní dídí iṣan láti inú. Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni ó rí i. Wọ́n rí i díẹ̀díẹ̀, bí ènìyàn púpọ̀ ṣe ń la ọ̀nà oko.

Kí a tó lè dí iṣan, a gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò inú ara ń fi eegun hàn, kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ní ọdún 1927, ní ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Pọtogí, dókítà Egas Moniz fún oògùn kan sínú iṣan ọrùn aláìsàn. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ìtànṣán ẹ̀rọ kọjá. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò, iṣan inú orí hàn kedere, bí ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ tán nígbà ọyẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní láti wọlé láìgé ara púpọ̀. Ní ọdún 1953, dókítà Sven-Ivar Seldinger ní ilẹ̀ Sweden fi ọgbọ́n kan hàn tí ó rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu. Ó fi abẹ́rẹ́ gún iṣan. Ó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú abẹ́rẹ́ wọlé. Ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi wáyà sílẹ̀. Ó wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sórí wáyà, ó sì tì í wọlé. Ó yọ wáyà, rọ́bà ṣẹ́kù sínú iṣan. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń ṣe ní gbogbo ayé.

Ní ọdún 1960, dókítà méjì ní Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Luessenhop àti Spence, kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan tí ó ní kókó nínú orí. Wọ́n ju ìlẹ̀kẹ̀ ṣíṣu kéékèèké sínú iṣan ọrùn rẹ̀. Kí ni ó mú kí wọ́n rò pé ìlẹ̀kẹ̀ yóò lọ sí ibi tí ó yẹ? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ibi tí omi ti ń fà jù ni àgbàrá ń gbé ìdọ̀tí lọ. Kókó náà ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ jù nínú orí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dá ìlẹ̀kẹ̀ padà bí ó bá ṣìnà. Lónìí, rọ́bà máa ń dé ẹnu kókó gan-an kí dókítà tó tú ohunkóhun jáde.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ náà

Aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin tí ó bá lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lè ní oyún, gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, nítorí ìtànṣán ẹ̀rọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tàbí tí oògùn fọ́tò ti mú kí ara rẹ̀ wú rí, gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sábà ń fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn, nítorí pé kò gbọdọ̀ mira rárá.

Dókítà fọ ibi tí itan ti pàdé ikùn. Nígbà mìíràn, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń gbà. Ó fi abẹ́rẹ́ wọlé bí a ti ṣàlàyé. Ó ti rọ́bà náà gòkè nínú iṣan ńlá tí ó gba ikùn àti àyà kọjá, títí dé ọrùn. Kò fi ojú rí rọ́bà náà. Inú ẹ̀rọ bíi tẹlifísàn ni ó ti ń wò ó. Nígbà tí ó bá dé ọrùn, ó ti rọ́bà mìíràn gba inú ti àkọ́kọ́. Èyí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Òun ni ó ń wọ inú orí lọ, ní ìyípo ní ìyípo, títí dé ibi tí ó bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ kókó ni, àtè ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi àtè mú ẹyẹ rí nígbà èwe, ẹ mọ bí àtè ṣe ń ṣe. Àtè ti dókítà ń ṣàn bí omi nínú rọ́bà. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀jẹ̀, ó gan, ó le, ó dí iṣan. Irú àtè kan wà tí ó bá gúlù tí a fi ń lẹ bàtà àti ike tán. Irú mìíràn wà tí ó máa ń mú kí èémí aláìsàn rùn bí áyù fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá lọ kí ènìyàn yín ní ilé ìwòsàn, tí ẹ gbọ́ òórùn áyù, ẹ má bẹ̀rù: kò jẹ ohun tí kò yẹ. Oògùn tí wọ́n fi pò àtè náà ni ó ń gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ó wú ni, wáyà ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 1990, ní ìlú Los Angeles, dókítà Guido Guglielmi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà plátínì wo aláìsàn. Plátínì jẹ́ irin olówó iyebíye. Wáyà náà rọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ká bí òwú. Dókítà tì í sínú ibi tí ó wú, wáyà ká ara rẹ̀ jọ níbẹ̀. Bí kò bá jókòó dáadáa, ó lè fà á padà. Bí ó bá jókòó dáadáa, iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ń já a kúrò lẹ́nu okùn rẹ̀. Wọ́n á tún ti òmíràn wọlé, títí ibẹ̀ yóò fi kún. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ yóò dì. Agbára ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ti ara iṣan fẹ́lẹ́ náà mọ́.

Iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí púpọ̀. Nígbà tí ó bá parí, dókítà yọ rọ́bà, wọ́n tẹ ibi itan mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà jáde. Bí itan ni wọ́n gbà, aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, kò ní ká ẹsẹ̀ náà fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ má gbé e dìde láti jẹun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ná.

Ṣé kò sí ewu?

Ewu wà. Àtè lè ṣàn wọ iṣan tí ó dára, kí apá kan ọpọlọ má sì rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lè rọ, ọ̀rọ̀ lè di ìṣòro. Iṣan lè bẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Bí àtè bá dí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú kókó, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ẹni tí ó dí ojú ìṣàn lẹ́yìn oko rẹ̀ nígbà òjò mọ ibi tí omi ń gbà. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ṣe kókó ńlá díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ń sinmi láàrin rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí pẹ̀lú: lọ́pọ̀ ìgbà, àtè nìkan kì í pa kókó run. Wọ́n ń fi dín ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kù ni, kí iṣẹ́ abẹ tí ó tẹ̀ lé e lè rọrùn, bí àgbẹ̀ ṣe ń dá omi dúró lókè kí ó tó ṣán àbàtà. Ìtànṣán alágbára tún wà tí wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ kókó tí kò bá tóbi. Ó ń gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí kókó náà tó dí tán.

Ṣé ó yẹ kí a dí gbogbo kókó tí a bá rí? Rárá o. Àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè mélòó kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Wọ́n mú ènìyàn 226 tí kókó wọn kò tíì bẹ́ rí. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn fún ẹ̀fọ́rí àti gìrì nìkan. Ní ti àwọn yòókù, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ, àtè tàbí ìtànṣán kún oògùn. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n rí ìyàtọ̀. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní oògùn nìkan, bíi 10 ni ó kú tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fọwọ́ kàn, ó tó 31. Àwọn dókítà mìíràn ní ọdún tí wọ́n fi ṣọ́ wọn kéré jù, nítorí pé kókó lè bẹ́ lẹ́yìn 20 ọdún. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Lójú tiwa, ohun tí ó kan ẹ̀yin ni pé bí dókítà bá ní kí ẹ máa ṣọ́ kókó kan láìfọwọ́ kàn án, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín sílẹ̀ nítorí pé ẹ kò lówó. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó mọ iṣẹ́.

Ti iṣan tí ó wú, tí ó sì ti bẹ́, yàtọ̀. Èyí kò ṣeé ṣọ́. Àyẹ̀wò ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn lára ènìyàn 2143. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 tí wọ́n fi wáyà dí tiwọn, bíi 24 ni ó kú tàbí tí kò lè dá ṣe nǹkan fún ara rẹ̀. Nínú 100 tí wọ́n la agbárí wọn, ó jẹ́ bíi 31. Ẹ rí i pé wáyà dára jù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi ka iṣẹ́ abẹ sí asán. Bí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí bá lè la agbárí, tí ibi tí wọ́n ti ń lo wáyà sì wà ní òkè òkun, iṣẹ́ abẹ tí ó wà nítòsí ni ó lè gba ènìyàn yín là.

Kí ni ẹ̀yin lè ṣe ní abúlé?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí ibà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí dé bí ìgbà tí àrá sán. Láàrin ìṣẹ́jú kan, ó ti dé góńgó. Bí orí bá fọ́ ènìyàn báyìí lójijì, bí ọrùn rẹ̀ bá gan, bí apá kan ara rẹ̀ bá rọ, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí bí gìrì bá kọ́kọ́ mú un ní àgbà, ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́. Òótọ́ ni pé àrùn mìíràn wà tí ń mú ọrùn gan pẹ̀lú ibà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn náà ń pani kíákíá, ilé ìwòsàn náà sì ni oògùn rẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ kò lè ṣìnà bí ẹ bá lọ.

Ẹ dá aláìsàn dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì má baà pa á. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ṣíbí tí a fi ń la eyín ẹni tí gìrì mú. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù. A mọ̀ pé àwọn bàbá wa ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n a ti rí ẹsẹ̀ tí iná jẹ tí gìrì sì ti lọ. Ẹ má fún un ní asipirín rárá. Asipirín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí iṣan bá ti bẹ́ nínú orí, dídì ẹ̀jẹ̀ ni ohun tí a ń wá.

Ẹ wo aago, kí ẹ lè sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ fún dókítà. Ẹ wá ọkọ̀. Zémíjàn kò dára fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, nítorí pé orí rẹ̀ yóò máa já síwájú sẹ́yìn, kò sì ní lè mí dáadáa. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ yín ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹni tí ẹ ó pè lóru, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń dá èsúsú lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó wọn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á nínú ọkọ̀ tí ń lọ.

Ohun kan wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Orí lè rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Aláìsàn jókòó, ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ. Gbogbo ilé dúpẹ́, wọ́n dá ọkọ̀ padà. Iṣan tí ó ti bẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè tún bẹ́, ọjọ́ kìíní yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù. Èkejì ni ó sábà ń pani. Ẹ má dá ọkọ̀ padà.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Ilé ìwòsàn kékeré kò lè ya fọ́tò ọpọlọ. Wọ́n lè tọ́jú èémí rẹ̀, wọ́n lè mú gìrì dúró, wọ́n lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ru, wọ́n á sì kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ibi tí ẹ̀rọ sikánà wà. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tú sínú orí. Ẹ má kọjá ilé ìwòsàn kékeré láìdúró bí aláìsàn kò bá lè mí dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ni ó lè dí iṣan láti inú. Owó rẹ̀ pọ̀, wáyà kan kì í sì í tó. Kí ẹ tó ta ilẹ̀ tàbí màlúù, ẹ jókòó pẹ̀lú dókítà, kí ẹ bi í: ṣé kókó ni tàbí iṣan tí ó wú? Ṣé ó ti bẹ́? Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró? Ṣé iṣẹ́ abẹ lè ṣe é níhìn-ín? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó padà wá? Ẹ má tijú láti ní kí ó tún un sọ, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ ti mọ̀wé, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí aláìsàn bá padà sílé, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo tàbí roko fún ìwọ̀n ọjọ́ tí dókítà bá dá. Bí ibi itan bá wú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ náà tutù, ẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì padà lọ ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn gìrì, kí ó máa lò ó lójoojúmọ́. Bí ó bá dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá, gìrì lè padà pẹ̀lú agbára. Kí ó máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì jáwọ́ nínú tábà.

Wọ́n á fún yín ní fọ́tò tàbí àwo sídíì kan tí àwòrán iṣan náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí ibi tí eku àti òjò kò ní dé. Dókítà tí yóò rí i ní ọdún tí ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹni ti àkọ́kọ́, fọ́tò yẹn ni yóò sì fi mọ ibi tí wọ́n dí, àti ibi tí ó ṣẹ́kù.